Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Pọ́ǹpù Tuntun Lára Katakata Àgbà

Ẹni tó bá kúrò ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tó gba ọ̀nà àríwá, ilẹ̀ pupa ni yóò máa bá a lọ títí dé Sakété, títí dé Pobè. Ilẹ̀ náà tẹ́ rẹrẹ, ó jinlẹ̀, omi òjò kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀ kó tó wọlẹ̀. Ọ̀pẹ ló gba ibẹ̀ kan. Ọ̀pẹ ìbílẹ̀ wà, tó hù fúnra rẹ̀, tí adẹ́mu nìkan ló mọ bó ṣe ga tó. Ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn ní ìlà sì wà, tí ìdì ẹyìn rẹ̀ kò ga ju àgbàlagbà lọ. Láàárín ìlà ọ̀pẹ wọ̀nyí ni katakata kékeré ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó ti dàgbà, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún geere. Irú katakata bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, pàápàá ohun kan tó wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í tètè rí: pọ́ǹpù haidirọ́líìkì, àti bí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ṣe ń fi èyí tó lágbára jù rọ́pò rẹ̀.

Pobè kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ. Ní 1922, nígbà tí Faransé ń ṣàkóso Dahomey (Benin òde òní), ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1946, ibùdó yìí wà lára àwọn tó jọ ṣe pàṣípààrọ̀ irú ọ̀pẹ, òun àti La Mé ní Ivory Coast, Sibiti ní Kóńgò ti Faransé àti Yangambi ní Kóńgò ti Bẹ́ljíọ̀mù. Títí di òní, lábẹ́ INRAB, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Benin, irúgbìn ọ̀pẹ ṣì ń ti ibẹ̀ jáde lọ sí oko. Ohun tí wọ́n fi gbogbo ọdún yẹn wá ni ọ̀pẹ tí ẹran ẹyìn rẹ̀ nípọn, tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó sì ń so lemọ́lemọ́. Wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tó bá so dáadáa, ẹrù ló so. Ìdì kan lára ọ̀pẹ tó ti gbó lè wọn 15 sí 25 kílò, ẹyìn tí wọ́n sì ti gé lulẹ̀ kì í fẹ́ ìdúró: bó bá pẹ́ kó tó dé ibi tí wọn yóò ti sè é, epo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Ọ̀rọ̀ bí ẹrù yìí yóò ṣe jáde ti pẹ́ ní àdúgbò náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi la ojú irin láti Àjàṣẹ́ dé Sakété ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, tí wọ́n sì fà á dé Pobè kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́. Àmọ́ ojú irin kì í wọ inú oko. Láti ìdí ọ̀pẹ dé etí títì, orí èèyàn ló ń gbé ẹyìn, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Ibi tí agbára orí àti ti alùpùpù bá mọ ni katakata ti ń gbà á.

Bí wọ́n ṣe ń gbin ọ̀pẹ ló fà á tí katakata kékeré fi yẹ iṣẹ́ yìí. Mítà 9 ni wọ́n fi ń jìnnà síra, ní ìgun mẹ́ta, kí ọ̀pẹ 143 lè wọ hẹ́kítà kan. Àlàfo láàárín ìlà kan àti èkejì kò tó mítà 8, wọn a sì máa to imọ̀ tí wọ́n gé sí àwọn àlàfo kan, kí wọ́n lè fi ìyókù ṣe ọ̀nà. Katakata ńlá á há níbẹ̀, á fọ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí kò tíì ga, ìwọ̀n rẹ̀ á sì ki ilẹ̀ mọ́ gbòǹgbò lórí. Katakata tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 20 tàbí 25 lọ á gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó mọ ilé. Irú èyí tí Kubota, Yanmar àti Iseki ṣe ní Japan ní ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì ń kiri ọjà tòkunbọ̀ káàkiri ayé. Wọ́n lágídí, wọn kì í mu epo púpọ̀, ohun tó sì ń bàjẹ́ lára wọn kò kọjá ohun tí mẹkáníìkì tó ní làákàyè lè tún ṣe.

Ibi tí ọjọ́ orí ti kọ́kọ́ ń hàn lára wọn ni gbígbé nǹkan. Ẹ́ńjìnnì lè má tíì jẹ ọ́ìlì, gíà lè má tíì máa yọ̀, ṣùgbọ́n apá ẹ̀yìn tó ń gbé ohun èlò á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Láàárọ̀, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì tutù, á gbé ẹrù rẹ̀ láìjanpata. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn ti mú, tí ọ́ìlì ti gbóná, tó sì ti ṣàn bí omi, á gbé e dé ìdajì, á dúró, a ó sì máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lábẹ́ àga awakọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn tó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí kò nílò àlàyé mìíràn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá tó ń tẹ epo ní ẹbu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹpo kékeré ló jẹ́ pé jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n dè mọ́ férémù irin. Ọwọ́ kan ń lọ sókè sódò lára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, jáàkì sì ń fún garawa ẹyìn tí èèyàn mẹ́wàá kò lè fún. Ọ́ìlì tó wà nínú jáàkì kò ṣeé fún pọ̀, nítorí náà agbára tí a fi tì í ní ojú kékeré á jáde ní ojú ńlá ní ìlọ́po-ìlọ́po. Blaise Pascal ará Faransé ló ṣàlàyé òfin yìí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Joseph Bramah sì fi ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ ní London ní 1795. Ní ara katakata, dípò ọwọ́ tó ń lọ sókè sódò, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù láìdúró.

Ẹni tó mú agbára yìí wọ inú katakata lọ́nà tí ayé fi gbà á ni Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Kó tó dé, ohun ìtúlẹ̀ kàn ń wọ́ tẹ̀ lé katakata lẹ́yìn ni. Bí abẹ rẹ̀ bá kọ́ òkúta tàbí kùkùté, iwájú katakata lè gbé sókè kó sì dojú dé awakọ̀. Ferguson so ohun èlò mọ́ ẹ̀yìn ní ojú mẹ́ta, ó sì jẹ́ kí haidirọ́líìkì máa gbé e, kó máa sọ ọ́ kalẹ̀, kó sì máa mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Òun àti Henry Ford bọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1938. Ní 1939, katakata Ford 9N jáde. Ní 1946, katakata TE20 ti Ferguson fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Coventry, wọ́n sì ṣe ju ìdajì mílíọ̀nù lọ kó tó dẹ́kun ní 1956. Láti ìdílé yìí ni Massey Ferguson 135 ti wá, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà mọ̀ dáadáa. Lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí katakata kékeré kan, ìbáà ṣe ti Japan tàbí ti Íńdíà, tí ojú mẹ́ta yẹn kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Pọ́ǹpù Ferguson wà nínú ikùn katakata, nínú ọ́ìlì gíà gan-an. Písítìnì mẹ́rin ló ní, fáàfù tó ń pàṣẹ fún un sì wà ní ẹnu ibi tó ti ń fà. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún agbára irú katakata yẹn kì í sábà yọ ti inú. Ó máa ń so pọ́ǹpù kejì mọ́ ìta, bóyá níwájú ẹ́ńjìnnì, bóyá lára ṣáfútù ẹ̀yìn tó ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú àpótí gíà tó ń mú un yí yára ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn ará Japan yàtọ̀. Ìta ni pọ́ǹpù wọn wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí bóòtì díẹ̀ dè mọ́ ibẹ̀. Kò tóbi ju ìkúùkù méjì lọ. Èyí ló jẹ́ kí pípààrọ̀ rẹ̀ ṣeé ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, láìtú katakata sí wẹ́wẹ́.

Bí a bá ṣí pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, ẹwà rẹ̀ wà nínú bí ohun inú rẹ̀ ṣe kéré níye. Gíà méjì ni, tí eyín wọn wọnú ara wọn, nínú ilé alumíníọ̀mù tó ní ihò méjì. Ihò kan ni ọ́ìlì ń gbà wọlé, èkejì ló ń gbà jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àárín gíà méjèèjì ni ọ́ìlì ń gbà kọjá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà yípo, nínú àlàfo tó wà láàárín eyín àti ògiri ilé pọ́ǹpù; eyín tó pàdé láàárín ló ń dènà kó má pa dà sẹ́yìn. Àlàfo láàárín orí eyín àti ògiri kéré débi pé irun orí kò lè wọ ibẹ̀. Nínú àlàfo tí ojú kò lè rí yìí ni gbogbo agbára katakata láti gbé nǹkan wà.

Nínú pọ́ǹpù tó ti gbó, ojú á rí ìtàn rẹ̀ kedere. Pírẹ́ṣọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìjáde ń ti gíà sí ẹ̀gbẹ́ ìwọlé nígbà gbogbo. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ìwọlé ni eyín ti máa ń jẹ alumíníọ̀mù, á fi ojú ọ̀nà kan tó ń dán sílẹ̀ níbẹ̀. Èékánná mẹkáníìkì á kọ́ ẹnu rẹ̀ bó bá fi ọwọ́ rá a. Bí ó bá ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ohun tí ológbò ha, ìdọ̀tí ló gba ibẹ̀ kọjá, ó sì túmọ̀ sí pé fíltà ti pẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Bí àwo pẹlẹbẹ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gíà bá sì ní ihò tóótòòtó, afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú ọ́ìlì.

Kí wọ́n tó dé ibi ṣíṣí yẹn, mẹkáníìkì gidi á ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ katakata ní ọ̀nà tí kò ná owó. Á gbé ẹrù sókè, á pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹrù bá ń rọra wálẹ̀, kì í ṣe pọ́ǹpù ló kọ́kọ́ yẹ kó fura sí. Síìlì písítìnì tàbí fáàfù ló ń jò. Bí ẹrù bá dúró gbọn-in ṣùgbọ́n tí kò tètè gòkè, á yẹ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wò, á yẹ fíltà wò, á yẹ họ́ọ̀sì tó ń fà wò bóyá inú rẹ̀ ti wú pa. Lẹ́yìn náà ni yóò so géèjì mọ́ ọn, á wò ó nígbà tó tutù, á tún wò ó nígbà tó gbóná. Ìyàtọ̀ láàárín ìwò méjèèjì ló ń sọ bóyá pọ́ǹpù ti gbó. Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣòfò lórí pọ́ǹpù tuntun nígbà tó jẹ́ pé síìlì tí kò tó iye àwo oúnjẹ kan ló bàjẹ́.

Ká ní pọ́ǹpù ni wàyí, tí olóko sì wí pé òun kò fẹ́ irú ti àtẹ̀yìnwá, òun fẹ́ èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun ti ra tírélà tó ń gbé ara rẹ̀ sókè láti da ẹyìn sílẹ̀ ní ẹbu. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti kúrò ní ti sípánà, tó di ti ìṣirò. Pọ́ǹpù dà bí ẹni tí ń pọn omi: iye tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan àti iye ìgbà tó lè lọ sódò ló ń pinnu bí àmù ṣe máa tètè kún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń pinnu bí iná ṣe máa mú. Ohun tí pọ́ǹpù ń pèsè ni ọ́ìlì tó ń ṣàn. Pírẹ́ṣọ̀, ẹrù ló ń fà á; fáàfù tó ń tú u sílẹ̀ ló sì ń sọ ibi tó gbọ́dọ̀ dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Mú pọ́ǹpù àtijọ́ kan tó ń gbé 8 cm³ ọ́ìlì ní yíyí kan, lára ẹ́ńjìnnì tó ń yí pọ́ǹpù ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá pé, lítà 19 àti díẹ̀ ni yóò gbé ní ìṣẹ́jú náà. Fi 11 cm³ rọ́pò rẹ̀, ó di lítà 26 àti díẹ̀. Tí sílíńdà tírélà náà bá fẹ̀ tó mílímítà 80, tí gígùn ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 120, lítà 6 ló máa ń kún un. Pọ́ǹpù àtijọ́, nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, á gbé tírélà yẹn dé òkè ní ìṣẹ́jú àáyá 19. Ti 11 cm³ á gbé e ní 14. Ṣùgbọ́n bí fáàfù bá wà ní 150 bar, agbára tí sílíńdà fi ń tì kò yí padà rárá: nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 7 àti ààbọ̀ ni, ìbáà ṣe pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré tàbí ńlá. Ẹni tó ra pọ́ǹpù ńlá kí katakata rẹ̀ lè gbé ẹrù tó wúwo jù ti ra ohun tí kò nílò. Ìyára ló rà.

Ìyára náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Lítà 19 ní 150 bar ń gba agbára bí ẹṣin 6 àti ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Lítà 26 ń gba ti ẹṣin 9, láìtíì ka èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Lára katakata ẹlẹ́ṣin 22, a lè fara dà á. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n so 16 cm³ mọ́ ọn nítorí pé òun ló wà lọ́jà, á gba ti ẹṣin 13, ẹ́ńjìnnì á sì máa kú sí ẹsẹ̀ òkè tí tírélà bá ń gòkè. Eyín gíà tó ń yí pọ́ǹpù, tí wọn kò ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mẹkáníìkì tó mọ òwe yìí, tó sì lè sọ fún oníbàárà tó ti mú owó lọ́wọ́ pé "Bàbá, èyí ti pọ̀ jù", òun ni mo fẹ́ yìn jù nínú àròkọ yìí.

Nígbà tí wọ́n bá ti fẹnu kò sí ìwọ̀n, ọ̀ràn bó ṣe máa jókòó ló kù. Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé kì í sábà bá ojú tí àwọn ará Japan ti lu bóòtì wọn mu. Ẹ̀yà ara lè ti Kútọnu wá, ó sì lè ti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó wá, kó gba Ìdíròkò àti Ìgòlò wọlé, àmọ́ kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun tó máa so èkíní mọ́ èkejì. Onílíìtì, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin, ló ń ṣe é: àwo irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò ti pọ́ǹpù tuntun ní ojú kan, tó sì ní ihò ti katakata ní ojú kejì. Àárín méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu rẹ́gí. Bí ṣáfútù bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, síìlì á ti jó kó tó di oṣù díẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a kò lè ṣe nílé. Ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhai ní Àjàṣẹ́, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ti pẹ́ tó ti ń ṣe ẹ̀rọ oko ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì ti fi hàn pé irin tí a gé nílé lè ṣiṣẹ́ nínú oko wa.

Apá tí gíà ń yí sí ṣe pàtàkì bákan náà. Pọ́ǹpù kan wà tó ń yí sọ́tùn-ún, òmíràn wà tó ń yí sósì, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn ní ìta àyàfi kí èèyàn wo ọfà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, kó sì wo ihò rẹ̀: èyí tó fẹ̀ ni ti ìfà. Ẹni tó bá so èyí tó lòdì, láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì á ti fọ́ síìlì ẹnu ṣáfútù jáde.

Họ́ọ̀sì ìfà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ọ́ìlì tó ń bọ̀ wá sínú pọ́ǹpù kò fẹ́ sáré. Kò yẹ kó ju mítà kan àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 19 tó fún lítà 19. Fún lítà 26, ọ́ìlì á máa gba inú rẹ̀ kọjá ní mítà kan àti ààbọ̀, pọ́ǹpù á sì máa fà bí ọmọ tó ń mu nǹkan láti inú ọ̀pá ìfàmu tó ti dí: afẹ́fẹ́ á yọ láti inú ọ́ìlì, á fọ́ lára irin, á sì máa jẹ ẹ́. Nítorí náà họ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ dé mílímítà 25, kó sì jẹ́ irú èyí tó ní okùn irin nínú kó má bàa lẹ̀ pọ̀. Fíltà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ tóbi tó. Owó tí èyí ń ná kéré sí iye pọ́ǹpù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá pọ́ǹpù á lò pẹ́.

Ooru ni ohun tó kù. Ọ́ìlì tí fáàfù bá ń tú sílẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan, ooru ló ń dà. Bó bá kọjá 80 °C, síìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní Sakété, níbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ṣàánú irin, awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ láti gbé ọwọ́ kúrò lára lífà nígbà tí sílíńdà bá ti dé òpin ìrìn rẹ̀. Ìwà ni èyí, kì í ṣe ẹ̀yà ara, kò sì sí ọjà tó ń tà á.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dì, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yí i ló gba sùúrù jù. Mẹkáníìkì kì í kàn tẹ kọ́kọ́rọ́. Á kọ́kọ́ bu ọ́ìlì tuntun sínú ihò ìfà títí tí yóò fi kún, á fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ díẹ̀ kí gíà lè rin. Á wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí láìjó iná, kí ọ́ìlì lè dé ibi gbogbo. Nígbà tó bá jó, pẹ̀lẹ́ ni, láìsí ẹrù. Nínú gbogbo ariwo yẹn, etí rẹ̀ ń wá ohùn kan: bí ó bá gbọ́ kíkùn bí ti oyin tí wọ́n dí mọ́ ihò, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Á pa á, á tún wo ibi tí ó ti ń wọlé. Bí ohùn náà bá tẹ́, á gbé apá sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà á pa dà yẹ ìwọ̀n ọ́ìlì, nítorí họ́ọ̀sì àti sílíńdà tuntun ti mu lára rẹ̀. Páálí ló fi ń wá ibi tó ń jò, kì í fi ọwọ́ wá a. Ọ́ìlì tó bá yọ láti ojú ihò abẹ́rẹ́ ní 150 bar lè gún awọ ara wọlé, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè má ju tóótó lọ, síbẹ̀ ó lè gba ìka tàbí ọwọ́ pátápátá bí wọn kò bá tètè gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ èyí kó tó kọ́ ohun mìíràn, ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe é lóore.

Nínú oko, àyípadà náà kì í hàn gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu. Katakata náà kò ga sí i, kò yára sí i lójú ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ tó ṣá ṣì ṣá. Ohun tí ojú rí ni pé tírélà gòkè ní ẹbu ní ọ̀sán gangan gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gòkè láàárọ̀, ìdì ẹyìn ń yí lulẹ̀ gbìrìgbìrì lẹ́sẹ̀ kan náà, awakọ̀ kò sì ní láti tẹ ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi máa ké. Àwọn tó ń ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì kò dúró mọ́, wọn kò sì fi àáké àti ọwọ́ da ẹrù mọ́. Fún olóko tí ọ̀pẹ rẹ̀ ń so ní oṣù ìkórè tó ga jù, láti nǹkan bí February dé May, ìṣẹ́jú tó kúrò níbi kọ̀ọ̀kan ń di ìrìn kan tàbí méjì sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ ká fi ìyìn bo òótọ́. Pọ́ǹpù tuntun kì í wo ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì sàn, kì í sì í mú bíréèkì tó ti kú jí. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, owó náà yẹ ibòmíràn. Ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, ní ìsàlẹ̀ Pobè, tí òjò bá rọ̀ sí i tán tó máa ń di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà bí àmọ̀ ìkòkò, kò bìkítà fún lítà 26. Ibẹ̀ ń bi katakata léèrè táyà àti ìwúwo, kì í bi í léèrè ìyára apá. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè tọ́jú owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti yè, tí ẹrù sì ti pọ̀ ju bí apá ṣe lè tètè gbé e, iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó lẹ́wà jù tí owó kékeré lè ṣe fún oko. Kò sọ katakata àgbà di ọmọdé, kò sì tan olóko jẹ pé ó ti ní katakata ńlá. Ó mú ohun tí Kubota tàbí Yanmar fi sílẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ó sì bá a dé ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ gbà, kò kọjá ibẹ̀. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ṣe é, má kọ́kọ́ béèrè iye tí pọ́ǹpù ń jẹ́. Béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì pé ẹṣin mélòó ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, báwo ni họ́ọ̀sì ìfà yóò ṣe fẹ̀ tó, àti ibo ni yóò fi fáàfù sí. Bó bá dá ọ lóhùn ní nọ́ńbà, o ti rí ẹni tí katakata rẹ lè fọkàn tán. Bó bá ní kó o má ṣe wàhálà, pé gbogbo pọ́ǹpù ọ̀kan náà ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì wa katakata rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.